Ìhágún Nimat, Bí Ọta Oníkútẹ́sì Bá Kọ̀ Tí Kò Dún

Èmi, Nimat Àbẹ̀kẹ́ Àtàndá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo Ìkòsí mọ̀ sí Ọ̀gá Nimat (àwọn tí kò tíì mọ̀ ń bọ̀ wá mọ̀), ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, mo ti jẹun yó, kò sì sí ẹni tó gbé pàṣán dúró tì mí. Bí mo bá kú lọ́la, ohun tó wà níbí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tí yóò pa mí nìyí. Lọ́la, Bàbá mi àgbà, Bàbá Àtàndá, tí wọ́n ti ń ṣọdẹ àdúgbò wa láti ìgbà tí ẹkùn ṣì ń rìn ní Kétu (àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀), yóò fẹ̀yìn tì. Níwájú gbogbo ọdẹ ẹgbẹ́ wọn, wọn yóò yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi dágbére. Bàbá ló ń fọwọ́ ara wọn di ẹ̀tù dúdú sínú ọta. Iṣẹ́ tèmi ni láti dí ẹnu rẹ̀ pa kí ọ̀rinrin má wọlé, kí n sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Àbẹ́là la máa ń yọ́ sí i. Níbi ọdún àwọn ọdẹ lọ́dún tó kọjá, ooru páànù ilé wa ti yọ́ àbẹ́là wọnú ẹ̀tù, ìbọn sì ṣe “táṣẹ́” lójú èèyàn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nítorí náà, kútẹ́sì píǹkì ni mo fi dí ti ọdún yìí.

Nígbà tí Bàbá ṣí agolo, wọ́n bi mí bóyá ọta ni tàbí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n ní bí ẹyọ kan péré bá kọ̀, agolo di ti Salaudeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, èmi sì di ará Ìṣẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ka ẹ̀rín sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé ikú ni?

1. Aunty Cecilia, tó ń tún èékánná ṣe lábẹ́ bíríìjì Kétu, ni mo yàn láti pín ogún yìí. Àwọn ló fún mi ní kútẹ́sì, tí wọ́n ní bí ìbọn bá fọ́, àwọn ò mọ̀ mí rí.

2. Àkùkọ mi, Ọ̀gágun, di ti Success, ọmọ ilé kejì. Kò gbọdọ̀ pa á jẹ. Success, mo mọ̀ pé o ti ń wo itan rẹ̀ láti ọdún Iléyá.

3. Fóònù mi tójú rẹ̀ fọ́ di ti Salaudeen. Kó má rò pé mo ti dárí jì í o. Òun ló ń sọ kiri pé ọwọ́ obìnrin ń mú kí ẹ̀tù sùn. Ọwọ́ tirẹ̀ ńkọ́, tí kì í rántí dé agolo lásìkò òjò?

4. Nípa agolo: kí ó wà lókè, níbi gbígbẹ, kí ó jìnnà sí sítóòfù àti ọwọ́ ọmọdé. Bí àgbàrá òjò bá tún wọlé wa, agolo ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó gbé tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá á mi ọta létí mi. Bó bá ń ró, kò dì nìyẹn. Títí dòní, kò sí orin tó dùn mọ́ mi bí ìdákẹ́ ọta tó dì dáadáa. Iṣẹ́ yìí ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

5. Success ní kí n yọ́ lọ fi ọta àbẹ́là pààrọ̀ àwọn oníkútẹ́sì. Mo kọ̀. Bí wọn yóò bá dún, kí wọ́n dún ní píǹkì.

Ọwọ́ mi nìyí: Nimat Àbẹ̀kẹ́ Àtàndá
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Ẹlẹ́rìí kìíní: Success, tó tètè buwọ́ lù ú jù.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bàbá Àtàndá, tí wọ́n kọ̀ láti buwọ́ lù ú títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ohun tí wọ́n ní kí Success bá wọn kọ síbí nìyí: Mo jẹ́rìí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún. Àwọn adìyẹ Mile 12 kò tíì padà sílé. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò kú, ó kàn sá pamọ́ ni. Kí ó gbé omi gbígbóná wá, èéfín ẹ̀tù ti kún inú ìbọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fọ̀ ọ́.