Orogún Mi ní Hamburg

Ọjọ́ Àìkú, 2 November 2025
A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá Shalom tún gbé Vietnam kalẹ̀ lórí oúnjẹ. Pé ní 1986 ni ìjọba wọn yí ètò ọrọ̀ ajé padà – wọ́n fún àgbẹ̀ láyè kó máa dá oko ara rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ilé iṣẹ́ òkèèrè. Pé àwọn tí ìrẹsì ò tó jẹ ti wá ń tà á káàkiri ayé. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo bu ẹran sí i, kò mọ̀.

Mo ti sọ Vietnam lórúkọ: Ìyàwó Kékeré.

Ọjọ́ Ajé, 3 November
Ó ti wọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, sí ilé ìwádìí tó ń bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀. Ó ku èmi àti Shalom ọmọ wa nílé ní Spandau.

Ọjọ́bọ̀, 6 November
Ó dé. Sophie sọ báyìí, Sophie rò báyìí. Akẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Hellersdorf, nínú ìlú wa níbí, ni wọ́n bí i sí, Vietnam làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Mo ní ṣé ó lọ́kọ. Ó ní òun ò bi í.

Ọdún méjì tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò bi í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 November
Mo gbọ́ ọ nínú ilé ìwẹ̀, ó ń fi fóònù kọ́ èdè Vietnam. Ó ní kò le – ó ní ohùn òkè, ó ní ohùn ìsàlẹ̀, bíi tiwa. Yorùbá tí Shalom ò lè sọ délẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 November
Àpérò wọn lọ́la ní Hamburg, ẹnikẹ́ni ló lè wá. Mo ti gbàyè ní Kita, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́rú, 12 November. Nínú ọkọ̀, mò ń padà bọ̀
Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ká sọ òótọ́, Fọlájìmí ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹnìkan bi í pé kí ni Nàìjíríà lè kọ́ níbẹ̀. Ó ní ogójì ọdún sẹ́yìn, wọn ò là jù wá lọ. Ó ní òun ń jowú wọn débi pé ó ń dun òun. Mo wolẹ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ló ń jowú nínú ilé wa.

Bí wọ́n ṣe ń túká, obìnrin kan tó lóyún wá bá mi. Sophie. Ọkọ rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ dání. Ó ní fọ́tò mi tó wà lórí tábìlì Fọlájìmí lòun fi dá mi mọ̀ – fọ́tò mi wà níbẹ̀. Ó ní mo kú ìmúrasílẹ̀, pé ọdún mẹ́ta ní Hanoi kò ní pẹ́ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́. Hanoi wo?

Ọjọ́bọ̀, 13 November
Bàbá Shalom dé, mo bi í. Láti oṣù tó kọjá ló ti gbà fún ilé ìwádìí pé òun yóò lọ ṣiṣẹ́ ní Hanoi, olú ìlú Vietnam. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, pé mo lè kọ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín lọ ni, àbí ẹ ṣáà fẹ́ lọ?"

Ká ní obìnrin ni Ìyàwó Kékeré yìí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin jà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 November
Ó ní, "Kíkẹ́, bó o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Mo ní kó má lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 November
Ó kọ̀wé sí wọn lánàá, lójú mi, pé òun ò lọ mọ́. Mo ti borí orogún mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Shalom lọ jókòó tì í, ó fi German bi í bí Vietnam ṣe tètè lówó tó bẹ́ẹ̀. Kò níṣẹ́ àmúrelé kankan. Ó kàn fẹ́ kí inú bàbá rẹ̀ dùn ni.

Bàbá rẹ̀ ní kó lọ wá a lórí fóònù.