Ojú-Ewé Ìsàlẹ̀ Ni Tiyín

Bàbá mi àtàtà,

A kàn wà náà ni. Ooru Kútọnu yìí ti kọjá àfẹnusọ: ẹyin tí èèyàn bá gbàgbé sórí páànù, adìẹ díndín ni yóò bá níbẹ̀. Màmá ló ń jókòó ní ìsọ̀ yín ní ọjà Missèbo báyìí. Wọn kì í kọrin mọ́ tí wọ́n bá ń tú bélì òkìrìkà. Ta ni yóò dá a, tí wọn yóò gbè é?

Àdúrà ìrántí ọdún yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá fẹ́ àwòrán yín tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, torí fọ́tò kan ṣoṣo tó kù ni ti káàdì ìdánimọ̀, níbi tí ẹ ti fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ni wọ́n ní kí n yà á.

Káyé, ìwé àjákọ ilé-ìwé mi, ni mo kọ́kọ́ lò, bí àtijọ́. Ẹ mọ bébà káyé: ó ń mu yíǹkì máákà bí ẹni tó ń ṣínu nínú oṣù ààwẹ̀. Irùngbọ̀n yín ṣàn dé etí. Ràfátù, àbúrò mi, yọjú sí i: “Ẹ̀gbọ́n, òbúkọ ta lèyí?” Mo lé e dé ojú títì. A rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín wá tán lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní pátákó kíkọ ló fún mi ní bébà tuntun. Jonquet, àdúgbò ilé ọtí àti fàájì òru yẹn, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹ má tíì dìde nínú sàréè yín ní Ekpè o, ọ̀sán nìkan ni mo ń lọ! Bébà ọ̀hún ń dán. Eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Torí máákà ni wọ́n ṣe é. Mo fa ìlà, ìlà dúró síbi tí mo fà á sí. Mo fi àwọ̀ kọfí lé àwọ̀ oyin, kò ṣàn, kò ya. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín jáde. Ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu yín náà jáde. Ràfátù wò ó, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé.

Mo wá gbé bébà náà kúrò kí n lè mú ìpín yín lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí pé yíǹkì máa ń jò kọjá sí ojú-ewé ìsàlẹ̀ nínú káyé mi. Ẹ kì í bèèrè èyí tí mo yà. Èyí tó ní àbàwọ́n lẹ máa ń fà ya, ẹ ó nà án sí ìmọ́lẹ̀: màlúù Ṣakété rèé, ọkọ̀ ojú omi rèé, ìyá yín àgbà rèé tí ń bínú. Ẹ ó ká a sápò, ó di Missèbo.

Bàbá, ojú-ewé tó wà lábẹ́ bébà tuntun mọ́ tónítóní. Kò sí àbàwọ́n tó tó orí abẹ́rẹ́. Ṣé bí yóò ṣe máa rí nìyí? Kí iṣẹ́ mi máa dára sí i, kí ó má kàn yín mọ́?

Màmá ti gbé èyí tó dáa lọ fún káfíńtà kó fi férémù sí i. Èmi padà sídìí káyé, mo tún yà yín, tòun ti irùngbọ̀n òbúkọ. Yíǹkì jò dáadáa. Mo fa ojú-ewé ìsàlẹ̀ ya, mo nà án sójú fèrèsé, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Yíǹkì lásán ni mo rí.

Mo ti ká a sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì yín tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí lẹ̀yin rí níbẹ̀?

Èmi ni, ọmọ yín, tó lè fẹsẹ̀ lásán rìn dé Ekpè torí ìdáhùn yín.