Ọjọ́ tí Mo Se Dùùrù

                                        Ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Warri.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 1976.

Morákinyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá Yínká ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti ń san? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ ní Abẹ́òkúta náà. Òrùlé rẹ tó ń jò ni mò ń rò, má ṣàìwò ó. Èmi wà bí o ṣe mọ̀ mí: ara le, ọkàn kò balẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà ayé bàbá mi ni ìdílé wa ti ń kan dùùrù onípáìpù fún àwọn ìjọ, tí a sì ń tún wọn ṣe. Fọláwẹ̀mí ọmọbìnrin mi nìkan ló kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n owó epo ti wọ ìlú yìí, gbogbo ohun àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Alàgbà Adégbọlá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó, ní kí ìjọ wa ra dùùrù oníná. Àwọn alàgbà ní àwọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ dùùrù onípáìpù tiwa ní ìsìn àná. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, Fọláwẹ̀mí yóò lọ gba iṣẹ́ taipíìsì ní Effurun, iṣẹ́ bàbá mi yóò sì bá mi wọ sàárè.

Ní Sátidé, ọmọ náà yẹ ohùn páìpù kọ̀ọ̀kan wò títí gbogbo wọn fi ṣọ̀kan. Èdè Warri ló fi kìlọ̀ fún mi: "Papa, no touch am again o." Mo ní n kò ní fọwọ́ kàn án. Àfi bí òjò ṣe rọ̀ mọ́jú! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé igi inú dùùrù ti wú, pé awọ ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ti rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti gbé sítóòfù ìyàwó mi wọ inú àpótí dùùrù, mo tàn án sábẹ́ àwọn páìpù kéékèèké kí ooru rẹ̀ lè gbẹ ibẹ̀, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà. Nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì dún, mo gbé e jáde, mo ń yin ara mi.

Àgbà iṣẹ́ bíi tèmi gbàgbé pé páìpù tó bá gbóná, ohùn rẹ̀ á gòkè! Bí Fọláwẹ̀mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin àkọ́kọ́, àwọn páìpù kéékèèké gba ọ̀nà Sapele, àwọn ńlá gba ọ̀nà Ijala. Àwọn akọrin kò mọ èyí tí wọn ì bá tẹ̀ lé. Adégbọlá sọ ọ́ sí mi létí: "Bàbá, ṣé ewúrẹ́ kò há síbẹ̀?"

Fọláwẹ̀mí dìde, ó ki orí bọ inú dùùrù, ó gbóòórùn kẹrosíìnì. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún: "Papa! Na beans you dey cook for here?" Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wo bàtà mi bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Fọláwẹ̀mí bẹ àlùfáà pé kí a fi ẹnu lásán kọrin títí ìwàásù yóò fi parí, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé kí àwọn páìpù lè tutù. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù náà. Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kó gùn. Nígbà tó parí, ọmọ mi tún tẹ dùùrù. Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ̀n! Ohùn kan ṣoṣo. Adégbọlá gan-an ń mi orí sí orin náà.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe àwa méjèèjì. Wọ́n ní àwọn kò ra oníná mọ́, Fọláwẹ̀mí ni yóò máa tọ́jú dùùrù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí dùùrù lójú wọn, kí n má sì wọ ibẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó bá mi wọlé. Mo fún un. Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò rẹ̀.

Bá mi kí Ìyá Yínká àti gbogbo ilé. Ìyàwó mi kí yín. Ó ń fọ sítóòfù rẹ̀, ojú burúkú ló sì fi ń wò mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
Akínrẹ̀mí.