Ìwọ́ Mi Tí Ẹ Sin Sí Bárékè

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Mo ṣáà dọ̀bálẹ̀. Òtútù ti dé sí Peckham, ara wa le.

Ọmọ ọmọ yín, Tíwa, ti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ní Sọ́ńdè, èmi àti ẹ̀ jọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àwọn Aztec, ará Mẹ́síkò àtijọ́. Ogun ni wọ́n fi sọ ìlú kékeré inú adágún kan di ìjọba ńlá. Bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, jagunjagun á gba ìwọ́ rẹ̀, á lọ sin ín sí ojú ogun, kó lè mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ti ọmọbìnrin, ẹ̀gbẹ́ àdògán tí wọ́n ti ń dáná ni. Ọmọ tálákà tó bá mú èèyàn lóǹdè á dẹni ńlá. Èyí tí kò bá mú ẹnì kankan, irun ọmọdé á wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó.

Tíwa rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ṣe sójà, ẹ̀yìn pápá tí ẹ ti ń yan ní bárékè lẹ sin ìwọ́ mi sí, àlejò kan kì í kúrò nílé wa láìgbọ́ ọ. Alaalẹ́ Sọ́ńdè, ẹ ó gbé bàtà iléèwé mi, ẹ ó máa fi àkísà nù ún títí eyín mi á fi hàn nínú ẹ̀.

Bàbá, fọ́tò mi tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀ yẹn kì í ṣe ti sójà o. Ọjọ́ ìkórè ni. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road ló ń wọ káákì àti fìlà pupa yẹn yan. Mo fi ránṣẹ́ kí ẹ lè rí i pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ yín di sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí n là á mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń dọ́gbọ́n sí i. Kí ló dé tí ẹ ò béèrè ìbọn mi rí? Àbí ẹ mọ̀?

Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Láràárọ̀, mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Walworth, sí flat bàbá òyìnbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Màá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, màá wẹ̀ ẹ́, màá nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó gbẹ. Ó fẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́rọ́, bíi tiyín. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, mi ò ní parọ́.

Ẹbí fẹ́ kí n wọ aṣọ sójà wá síbi ìrántí ọdún kan yín. Mi ò ní wọ̀ ọ́. Màá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n sọ fọ́tò yẹn kalẹ̀.

Oṣù méje lẹ fi wà lórí ibùsùn. Wọ́n gba ẹnì kan tó ń wẹ̀ yín, mo sì gbọ́ pé omi tútù ló ń lò. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Mi ò lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹni tí kò lè dìde, torí sójà ò ní mọ irú ẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mọ omi í tọ́ wò.