Bí Mo Ṣe Bá Olúgbénró San Nótíìsì Oṣù Kan N'Íkẹjà

Òkè-Sópìn, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta, 1981.

Olúgbénró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá. Èkó kò ní gbé ọ mì, ẹsẹ̀ ayọ̀ lo máa fi máa wọlé tí o máa fi máa jáde. Àmín. Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ ń kí ọ. Adìẹ rẹ̀ pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì ti gbé mẹ́ta.

A rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì l'Ágége ní kí o wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gba ẹlòmíràn, àti pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike n'Íkẹjà, níbi tí o wà, ní àfi kí o fi oṣù kan ṣe nótíìsì kí wọ́n tó san owó rẹ tó kù. O ní kí a má fòyà, o ti mọ ọgbọ́n tí o máa dá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, èmi náà dá tèmi. Ṣebí àáró lásán ni nótíìsì yìí: ẹni tó bá jẹ àáró lóko tí kò ráyè, èèyàn rẹ̀ ló máa gbé ọkọ́ lọ bá a san án. Ni mo bá gbé ọkọ́ mi lánàá, mo wọ mọ́tò ìdájí, mo dé ilé iṣẹ́ yín n'Íkẹjà kí oòrùn tó mú.

Mo ní èmi ni bàbá Olúgbénró. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wò mí, ó fi géètì sílẹ̀, ó sá lọ. Mo wọlé jẹ́jẹ́, mo bá àpótí kan lórí tábìlì, wọ́n ń dá owó sínú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ kú. Àánú ṣe mí, mo ju náírà kan sí i. Kí máníjà yín tó dé, mo ti ro iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Igbó kan wà níbẹ̀ tó ń yọ òdòdó pupa, mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Máníjà yín fún mi ní àga, èèyàn dáadáa ni. Mo ṣàlàyé pé o ti wà nílé iṣẹ́ bisikíìtì l'Ágége láti Mọ́ńdè, pé èmi ni n ó ṣe oṣù kan tó kù. Ó ní ṣebí o gba ààyè lọ́wọ́ òun pé o fẹ́ lọ sìnkú nílé. Àyà mi já! Ẹ̀yin ará Èkó lẹ ní tẹlifóònù, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ikú ilé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ lórí ẹní ní ìdájí, ẹkún gbọ̀n mí nítorí ìyá rẹ. Máníjà ní kí n má sunkún, kí n kàn fọwọ́ sí ìwé kan pé mo wà láàyè. Mo fọwọ́ sí i, inú mi sì dùn, torí láti Kérésìmesì, ìwọ tí mo bí kò béèrè bóyá mo kú tàbí mo yè. Ó tún tẹ ọ̀gá rẹ tuntun láago, mo rò pé ó fẹ́ kí i kú oríire ni. Lẹ́yìn náà ló ní nótíìsì ti tán, kí o má padà wá mọ́ láéláé. Oṣù kan gbáko, mo fi wákàtí kan parí ẹ̀!

Mo sáré padà sílé. Gbogbo wọn ló wà lálàáfíà, ìwọ tó wá sìnkú nìkan la ò rí. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ máníjà fún ìyá rẹ, ló bá wé gèlè dúdú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ẹni tí òun fẹ́ sunkún fún.

Jọ̀wọ́ fi ogún náírà ránṣẹ́, mo yá owó mọ́tò, ọkọ́ mi sì kán sídìí òdòdó yẹn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Tètè kọ̀wé, kí o dárúkọ ẹni tó kú fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Reuben.