Ta Ló Jí Asunkún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Mo gbọ́ ọ. Etí mi ò dí, orí mi ò sì dàrú. Mo gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi Etí-Ehoro gbé orin tuntun síta láàárọ̀ yìí. (Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé ìwé, torí kò sí ohun tí etí ẹ̀ kì í gbọ́.) Mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì Alága ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí orin náà. Ìlù. Ìlù. Ohùn rẹ̀ díẹ̀. Ó wá dé àárín — Asunkún wọlé. Asunkún TÈMI. Ohùn tí mo tọ́ bí ẹni tọ́ ọmọ! Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì jóná. Alága bi mí pé kí ló dé. Mo ní áyọ́ọ̀nù ló gbóná jù.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí n má bàa ṣiyèméjì lọ́la. Asunkún kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Ohùn gbígbẹ kan ni nínú kọ̀ǹpútà, tó máa ń dún bí ẹ̀fọn látijọ́. Mo fi Asẹ́ sẹ́ ẹ — ohun tí mò ń pe èyí tó máa ń yọ ẹnu mímú kúrò lára ohùn nìyẹn. Mo fi Ìbejì sí i, tó ń sọ ohùn kan di méjì, tí ìkejì á máa wọ́ tẹ̀lé àkọ́kọ́. Mo fi Gbohùngbohùn sí i. Mò ń yí wọn síwá, mò ń yí wọn sẹ́yìn, títí ohùn ọ̀hún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún ariwo o. Ẹkún ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

Ẹ̀yìn ikú Màmá mi ni. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń sunkún. Alága — ẹni tó ń ṣe alága lé gbogbo nǹkan lórí, títí kan bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ — ní ọ̀fọ̀ ló sọ mí di olórin gidi. Mo gbà á gbọ́.

Báwo ni Asunkún ṣe wá dé ọ̀dọ̀ Etí-Ehoro?


Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹta

Mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn. Ta ló ń wọ yàrá ẹ̀yìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Èmi. Alága, tó bá ń wá ṣájà ẹ̀. Etí-Ehoro.

Òun ló tún kọ̀ǹpútà mi ṣe nígbà tó kọṣẹ́, lásìkò tí Màmá wà lórí àìsàn tí mi ò ráyè nǹkan kan. Òun ló to gbogbo ẹ̀ padà, ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde. Mi ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn ń dúpẹ́ ni. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó bá ẹ tún ilẹ̀kùn ṣe, ṣé kò ní ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ni?

Ó ń dùn mí. Ilé wa ló dàgbà sí. Màmá ló ń dirun fún àwa méjèèjì, wọ́n á ní kí n dìde kí wọ́n lè ṣe tiẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Aṣeni ò kúkú jìnnà. Inú ilé náà ló ń gbé.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Mò ń máàkì ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo kọ "Asunkún" sí ibi tó yẹ kí n kọ máàkì sí. Mo ti pa á rẹ́, àmọ́ ó ṣì hàn.


Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́ fún Alága. Ó fara balẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Ìpinnu ìjókòó: "Ṣé kì í ṣe pé gbogbo ohùn kọ̀ǹpútà ló jọra?"

Gbogbo ohùn kọ̀ǹpútà ló jọra! Bí ẹni sọ pé gbogbo ìyàwó ló jọra. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ síbi iṣẹ́.

Àmọ́ kí ló dé tó fi ń gbèjà ẹ̀?


Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Mo ti dẹ okùn. Aago ara ògiri tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gba ìró ẹ̀ sílẹ̀ — kọ̀, kọ̀, kọ̀ — mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ Asunkún, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí etí lásán ò ti lè gbọ́ ọ. Mo fi ránṣẹ́ sí Etí-Ehoro. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, bá mi gbọ́ eléyìí wò." Mo tiẹ̀ fi ẹ̀rín sí i.

Ẹni tó bá jí i báyìí, tòun taago ni yóò jí i.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Mi ò tíì bọ́jú tí èsì fi dé. "Ó dùn gan-an. Aago ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn? Àbí o mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni?"

Mo ní ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.


Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Onífíìmù pè mí ní ìsinmi ọ̀sán. Mo sá jáde kúrò ní yàrá àwọn tíṣà.

Obìnrin tó ń ṣe fíìmù ni, ó jù mí lọ dáadáa. Mo ti fi Asunkún ránṣẹ́ sí i lóṣù tó kọjá, mi ò sì retí nǹkan kan. Fíìmù ẹ̀ dá lórí obìnrin kan tó padà sílé lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ti ṣófo, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn mi ni yóò máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní bó bá yọrí sí rere, iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí, kí n lè fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì tó pa mí! Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ó wá ní: "Àmọ́ ẹnì kan tún fi irú ẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n rí."

Mo mọ̀ kó tó dárúkọ. Etí-Ehoro.

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó fi ránṣẹ́. Orin yàtọ̀, ìlù yàtọ̀, àmọ́ ẹkún yẹn ni, láìsí iyè méjì. Mo wá aago títí, mi ò gbọ́ kọ̀ kan. Onífíìmù tiẹ̀ ní tiẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ó mọ́! Kò ní ṣe kó má mọ́? Mo ti fẹnu ara mi sọ fún un pé aago wà níbẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́!

Onífíìmù ní òun ò lè lo ohùn tí èèyàn méjì ń fà mọ́ra lọ́wọ́. Kí n sọ fún òun, ta ló ni ín? Mo ní kó fún mi láàyè díẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mo lọ sílé Etí-Ehoro. Òjò ń rọ̀. Yàrá ẹ̀ bó ṣe máa ń rí: mátírẹ́ẹ̀sì tó fi ti ògiri kí ohùn má bàa ta padà, wáyà ká gbogbo ilẹ̀, ife tíì mẹ́ta tí kò fọ̀. Inú ẹ̀ dùn tó rí mi. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mi ò jókòó. Mo bi í léèrè. Mo rò pé yóò bú sẹ́rìn-ín tàbí kó bínú. Kò ṣe ìkankan. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gun orí tábìlì. Ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ ọ dáadáa ná?"

Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn?

Ó ní, "Asẹ́ ẹ, Ìbejì ẹ, gbogbo ẹ̀. Pa gbogbo ẹ̀, kó o wá gbọ́ ohun tó kù."

Ẹ gbà mí! Ó ń sọ fún mi lójúkojú pé bí mo bá yọ gbogbo ẹ̀ṣọ́ kúrò, òfìfo ni mí. Mo sọ tèmi fún un. Mo ní olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n? Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò jí nǹkan kan, àmọ́ òun ti ṣèlérí fún ẹnì kan, òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ẹni náà? Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó yíjú sí fèrèsé.

Mo bínú jáde débi pé mo gbàgbé agbòòrùn mi síbẹ̀. Òjò pa mí délé.


Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Ta ló ṣèlérí fún?

Alága bi mí lórí oúnjẹ pé ṣé èmi àti ọ̀rẹ́ mi jà ni. Mi ò tíì sọ fún un pé mo lọ síbẹ̀. Ta ló sọ fún un? Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ó ń jẹun lọ ní tiẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Alága ní aṣọ tútù tí mo sá sí bálùwẹ̀ lòun rí, òun sì mọ̀ pé ilé ẹ̀ nìkan ni mo máa ń rìn lọ nínú òjò. Ó ṣeé ṣe. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo ti pe Onífíìmù. Mo ní èmi ni mo ni ín. Mo ní Etí-Ehoro jí i ni.

Ó rọrùn lẹ́nu ju bí mo ṣe rò lọ. Onífíìmù mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o. Mo ti fẹ́ fún un níṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀." Ó ní kò sí ìyẹn mọ́, àti pé òun máa ta àwọn ẹgbẹ́ òun lólobó, kó má bàa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo délé, mo jẹun, mo tún bù sí i.


Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Etí-Ehoro kò pè. Kò jà, kò bú mi, kò bẹ̀bẹ̀. Ta ló ti rí irú olè yìí rí?


Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Onífíìmù ní kí n fi Asunkún ránṣẹ́ ní ìhòòhò, kí n bọ́ gbogbo ohun tí mo fi wọ̀ ọ́, torí ẹni tó ń bá a to ohùn fíìmù fẹ́ fi ìró yàrá tirẹ̀ sí i. Lọ́la ni mo máa ṣe é. Iṣẹ́ kékeré ni.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Alága ti jáde. Mo pa Asẹ́, ohùn mú lẹ́nu. Mo pa Ìbejì, ó ku ẹyọ kan. Mo pa Gbohùngbohùn. Ẹ̀fọn ló yẹ kó kù. Ẹ̀fọn gbígbẹ.

Ó ṣì ń sunkún.

Mo rò pé mi ò pa wọ́n dáadáa. Mo tún un wò. Mo mú ohùn mìíràn tí mi ò fọwọ́ kàn rí, mo tẹ̀ ẹ́. Òun náà ń sunkún. Mo wá lọ síbi tí gbogbo ohùn ń gbà jáde, ibi tí Etí-Ehoro tò fún mi nígbà tí kọ̀ǹpútà kọṣẹ́, tí mi ò ṣí wò rí. Nǹkan kan jókòó síbẹ̀. Mo pa á, ẹ̀fọn. Mo ṣí i, ẹkún. Mo pa á, mo ṣí i, mo pa á. Gbogbo ìgbà tí mo ń yí Asẹ́ síwá sẹ́yìn tí mo ń yin ara mi, kì í ṣe èmi. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ mi. Òun ni. Kàkàkí ọ̀hún, èmi ni mo ń fọn ọ́n kiri.

Mo mọ irú irinṣẹ́ tó jẹ́. Béèyàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá kan, tó gba ìró ẹ̀ sílẹ̀, tó wá fi sínú ẹ̀, ohùn yòówù tó bá gba ibẹ̀ kọjá á máa dún bíi pé inú yàrá yẹn ló wà. Mo wá yàrá wo ló fi síbẹ̀. Mo rí ìró tó gbà sílẹ̀ náà ní odidi ẹ̀, kó tó gé e. Mo tẹ̀ ẹ́.

Àtẹ́wọ́ kan. Pá! Yàrá dáhùn. Mo mọ ìdáhùn yẹn, kí n tó ronú rárá ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àjà onípákó, kọ́bọ́ọ̀dù gíga, ilẹ̀ tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà — Màmá.

"Kí lò ń pàtẹ́wọ́ fún, ìwọ ọmọ yìí? Ṣé mo ti kú ni?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gbé wọn. Etí-Ehoro ní rárá, Màmá, ohùn yàrá yín ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ fún ọmọ yín, kó máa kọrin nínú yàrá yín níbikíbi tó bá wà. Mo gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń dún. Màmá wá ní:

"Má sọ fún un o. Bó bá mọ̀, ẹkún ni yóò máa fi sun, kò ní fi ṣiṣẹ́. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, Màmá."

"Ìwọ náà máa lò ó. Àbí èmi kọ́ ni mo tọ́ ẹ? Ó yá, jẹ́ kí èmi náà pa àtẹ́wọ́ tèmi."

Àtẹ́wọ́ kan sì dún, tó rọ̀, ọwọ́ aláìsàn. Ìyẹn gan-an ni Etí-Ehoro gé jáde tó fi sínú irinṣẹ́ náà, òun ni ẹkún Asunkún.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo pe Onífíìmù. Mo ní irọ́ ni mo pa, Etí-Ehoro kò jí nǹkan kan, òun ló ni ín, kó fún un níṣẹ́ náà kó yọ mí kúrò. Ó ní, "Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ fún." Mo ní kó tún wọn pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, mo sì ti jù ú sílẹ̀.

Mo sá lọ sílé Etí-Ehoro. Agbòòrùn mi wà níta, ó fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ti dì í dáadáa. Mo kanlẹ̀kùn. Mo pè é ní orúkọ ẹ̀ gan-an, èyí tí Màmá ń pè é. Kò sí ohùn. Mo wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ó rìn wá, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò ṣí i.

Mo gbé ẹnu mọ́ pákó ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mo ti pa gbogbo ẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tó kù."

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mi ò sì gbọ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò níbẹ̀.