Gílóòbù Tí Mo Pè Ní Òkú

Yàrá Kẹrìnlá,
Ilé Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́,
Ibùdó Ọmọ Ogun Òfuurufú.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, tí a jọ pín tábìlì kan fún ọdún mọ́kàndínlógún,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ìyá wa àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú fífi ọwọ́ tútù kan wáyà? Ara èmi náà le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò balẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti ń kọ ìwé yìí, mo gbé e lé etí fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó sídìí tábìlì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde. Ìyàwó mi ní bóyá kòkòrò ló wà lórí àga náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀: ọmọbìnrin rẹ wà láàyè, kò fara pa, orí fífọ́ lásán kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo gbọ́ pé ó pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní wọ́n ní kí òun sinmi díẹ̀ lẹ́nu bàálù wíwà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọn ò ní kó sinmi. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ló máa dé iwájú ọ̀gá pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pinnu bóyá ó ṣì máa wa bàálù tàbí kò ní wà á mọ́ láéláé. Èmi ni mo fà á. Mo ti kọ ọ́ báyìí, mi ò ní pa á rẹ́.

O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí tẹ́lẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lára imú, ìrù àti etí apá bàálù ogun, òun ni bàálù tó wà lẹ́yìn fi ń mọ ibi tí ti iwájú wà nínú òkùnkùn, tí wọ́n fi ń jọ fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ọ̀kan ò fi ní gbá èkejì. Nígbà tí o wà níbí, ńṣe la máa ń tàn án, a ó wò ó lójú lásán, a ó fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Ojú mi mú nígbà náà. Ìwọ gan-an lo sọ mí ní Ojú-Ológbò, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn tí o fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó awò òru dé. Àwọn awakọ̀ máa ń so ó mọ́ iwájú akoto wọn. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bín-ín-tín tó bá wọ inú rẹ̀, á sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á máa rí òkè àti igi nínú òru bí ẹni ń rí wọn lọ́sàn-án. Wàhálà rẹ̀ ni pé bó ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ di púpọ̀ náà ló ń sọ ti gílóòbù di púpọ̀. Tan gílóòbù àtijọ́ síwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, awakọ̀ ò ní rí nǹkan kan mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pààrọ̀ gbogbo iná ara bàálù. Àwọn tuntun yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ṣíwíìṣì tirẹ̀ lókè níwájú ìjókòó awakọ̀, ṣíwíìṣì náà sì ní ipò méjì. Ní ipò kìíní, ojú lásán ń rí i. Ní ipò kejì, awò òru nìkan ló ń rí i. Ìwọ tí o kò wọ awò, o lè dúró tì í títí dọ̀la, òkùnkùn lo máa rí.

Òfin wá sọ pé ènìyàn méjì ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé bàálù tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Ẹnì kan á wà nídìí ṣíwíìṣì, ẹnì kejì á wọ awò, á sì yí bàálù ká.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ lọ rí oníṣègùn eyín. Èmi nìkan ni mo dúró ti bàálù olórí ẹgbẹ́, èyí tó máa ṣíwájú àwọn yòókù lálẹ́ ọjọ́ náà. Awò wà nínú àpótí, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ. Mi ò lọ mú un. Ó máa ń tẹ imú mi, ó sì máa ń múnú bí mi pé ẹ̀rọ kan fẹ́ kọ́ ojú mi ní ìríran. Láti ilẹ̀ ni mo ti fa iná sí bàálù náà, mi ò gun àkàbà lọ wo ipò tí àwọn ṣíwíìṣì wà, orúnkún mi ń dùn mí. Gbogbo iná tàn àfi ti etí apá ọ̀tún. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; èmi rí ẹyọ kan tó dákẹ́, mo ní ó ti kú. Mi ò bi ara mi léèrè bóyá ipò kejì ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi í sí.

Mo lọ bá onísítọ̀ọ̀. Ó ní tuntun ti tán, ó wá fa àtijọ́ kan yọ lábẹ́ pẹpẹ, lára èyí tí wọ́n ti ní ká jù nù. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, ṣùgbọ́n ipò yòówù kí ṣíwíìṣì wà, ojú lásán ń rí ti àtijọ́. Mo rọ ọ́ síbẹ̀, ó tàn rekete, inú mi sì dùn bí ọmọdé. Mo fọwọ́ sí ìwé níbi orúkọ tèmi, mo tún bá ẹnìkejì mi fọwọ́ sí tirẹ̀.

Ọmọ rẹ ló wà lápá ọ̀tún olórí lóru yẹn. Nígbà tí wọ́n wọ awò tán, iná tí mo rọ síbẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀. Kò rí apá, kò rí ìrù, kò mọ ibi tí ọ̀run gbé wà. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí, ó fi orí lé ìsàlẹ̀. Bàálù kẹta wà lọ́nà ibẹ̀. Wọ́n ní ohun tó kù láàárín wọn kò ju gígùn ilé kan lọ. Olórí kò rí nǹkan kan, ẹ̀yìn ni iná náà kọjú sí. Awakọ̀ kẹta ní bóyá òun rí ìmọ́lẹ̀, bóyá òun ò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹnu gèètì ni mo ti gbọ́ pé ọmọ rẹ ní iná kan bo òun lójú. Mo sáré, orúnkún ò dùn mí mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo wọ awò, mo tan iná, mo rí i. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti yọ gílóòbù náà, mo ti dá èyí tí mo pè ní òkú padà, ó sì ń ṣiṣẹ́ kedere nínú awò. Ọdún méjìlélógún ni ọwọ́ mi ti ń rí iná tí kò dáa, tó ń yọ ọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ńṣe ni mò ń tún un ṣe. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Lọ́sàn-án, àwọn olùyẹ̀wò dé. Wọ́n yí bàálù náà ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò sí iná kankan tó burú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí ọmọ rẹ. Wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ilé oúnjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ pé ẹ̀rù ló bà á. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́, mo mu tíì mi tán.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè dúró síbì kan. Mo ti rìn yí ọgbà ibùdó yìí ká débi pé àwọn ajá ẹ̀ṣọ́ kì í gbó mi mọ́. Àná, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì ló sì jóná. Gílóòbù náà wà nínú àpò mi, mò ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà. Ìtìjú ni, kí n má purọ́ fún ọ. Mi ò lè fojú inú wo ara mi níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, kí wọ́n máa sọ pé ọ̀gá wọn ò yẹ iná wò. Mo mọ òtítọ́, mo sì ń bẹ̀rù

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Ọmọ rẹ ni. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dáa jù, ó wá kí mi kó tó lọ. O mọ bó ṣe máa ń ṣe, ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Bàbá kékeré, ẹ ti rù o. Ṣé ẹ ń jẹun ṣá?” Kó tó jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́.

“Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má gbọ́ ọ níta. Mo máa sọ fún wọn pé ojú mi ni. Bóyá kò sí iná kankan níbẹ̀ lóòótọ́. Mo rí i o, mo ṣì ń rí i bí mo bá dijú. Àmọ́ wọ́n wò ó, wọn ò bá nǹkan kan. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Ẹ̀yin lẹ sì yẹ iná yẹn wò. Tí ẹ̀yin bá ti wo nǹkan, ó ti parí nìyẹn.”

Mo yọ gílóòbù náà lápò, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ rẹ kì í ṣe ẹni tí à ń ṣàlàyé fún lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú un, ó yí i wò, ó ka nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀, ó sì rọra gbé e padà sórí tábìlì.

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

Mo ní láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ó fi ìka kà á, mo ń wò ó. Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. “Ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń bú ojú ara mi, Bàbá kékeré.” Kò pariwo. Ìbá wù mí kó pariwo. Ìyàwó mi ló bú sẹ́kún nínú yàrá, torí ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ rẹ dìde, ó ní kí n wọ bàtà mi.

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá ni mo ti ń parí ìwé yìí. Mo ti bẹ akọ̀wé pé èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé, ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gílóòbù wà lórí itan mi, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i. Ọmọ rẹ dúró sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kọjú sí ògiri. Láti ilé wa títí débí, iwájú mi ló ń rìn. Iṣẹ́ mi lè bọ́ lónìí, ó tọ́ kó bọ́.

Bá mi kí ìyá wa àgbà. Bá mi kí ìyàwó rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún un. Bí ọmọ wa bá pè ọ́ lálẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́, o máa fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Jọ̀ọ́, má bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó bínú tó bó ṣe fẹ́. Kìkì ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe ni kí o sọ fún un pé ojú rẹ̀ dáa. Èmi ò ní ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún un mọ́.

Wọ́n ti ń pè mí.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Ọ̀rẹ́ rẹ nídìí iṣẹ́.